Ẹ Bi Wá Bóyá A Máa Ń Wọ Lífítì: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Àwọn Radiographer Nàìjíríà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Radiographer Nàìjíríà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdúró. Mo fojú ara mi rí i pé orí ìdúró ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Télọ̀ ni mí, Kubwa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà níbí ní Àbújá. Mi ò kàwé ìṣègùn. Abẹ́rẹ́, òwú àti tépù ni tèmi. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo mú ìyá mi dé iwájú ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ oníhò tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara. Lẹ́ẹ̀kíní, a sá jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, a ṣe é tán, a tún rẹ́rìn-ín. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ẹ̀rọ ọ̀kan dára ju ti èkejì lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ibi híhá ni.

Ọmọ Ọ̀fà ni ìyá mi. Jos ni wọ́n ti ṣòwò èlùbọ́ àti ẹ̀wà fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kí wọ́n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n. Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, ó gba itan sọ̀kalẹ̀ títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún. Dókítà ní X-ray lè fi egungun han òun, ṣùgbọ́n iṣan tó gba àárín egungun kọjá lòun fẹ́ rí, MRI ló sì lè fi ìyẹn hàn. A wá owó. Kí n má purọ́, owó aṣọ ẹbí tí àwọn kan ti san sílẹ̀ ni mo kó lé e.

Ibi tí a kọ́kọ́ lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mi ò wá jà. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà béèrè bóyá irin wà lára ìyá mi, bóyá wọ́n fi ẹ̀rọ sí wọn lọ́kàn, bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí, bóyá wọ́n lóyún. Ti oyún yẹn pa ìyá mi lẹ́rìn-ín, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ló padà lé wa jáde.

Màmá bọ́ yẹtí, wọ́n bọ́ ṣéènì, wọ́n yọ píìnì híjáàbù, wọ́n kó tẹ̀sùbáà lé mi lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ wọn sórí ibùsùn tóóró kan, wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọrùn, ẹnì kan fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí Màmá má mira o, ni ibùsùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo dúró nídìí gíláàsì lọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Orí wọn ló kọ́kọ́ wọlé. Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn, mo rí i tó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ funfun náà. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ohùn wọn nínú ẹ̀rọ agbóhùn: "Ẹ gbà mí o! Mi ò tíì kú o! Wọ́n fẹ́ gbé mi sínú pósí láàyè!"

Kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnì, ìyá mi ti ń fẹsẹ̀ ti ibùsùn, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ara ihò náà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹni tó ki wá bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Obìnrin tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mú ìgbálẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà bá ẹ̀rọ jà bí ọmọ ogún ọdún. Nígbà tí wọ́n jáde, awọ ìgbọ̀nwọ́ òsì wọn ti bó. Òṣìṣẹ́ kan wá sọ pé òun kò mọ ohun tó ń ṣe àgbàlagbà tí yóò fi máa ṣe bí ọmọdé. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ó rò pé Màmá kò gbọ́. Màmá gbọ́. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi dé Berger. Ibẹ̀ ni wọ́n ti là á lẹ́nu pé, "Ọmọ mi, mo dójú tì ọ́."

Owó náà kò padà, wọ́n ní àwọn ti lo àkókò ẹ̀rọ. Ìyẹn ò dùn mí tó gbólóhùn tí ìyá mi sọ ní Berger.

Mo wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì, mo ń ro ó. Ìyá mi kì í wọ lífítì. Nígbà tí a ń sáré ìwé owó ìfẹ̀yìntì bàbá wa ní Sẹkitéríàtì, àtẹ̀gùn ni wọ́n gùn dé òkè kẹrin, wọ́n ní àwọn ń na ẹsẹ̀. Nínú ọkọ̀, ẹ ò lè rí wọn kí wọ́n jókòó sí àárín lẹ́yìn láéláé, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni, fèrèsé á sì wà ní ṣíṣí, kódà kí ọyẹ́ máa fẹ́ kí eruku sì bo gbogbo wa lójú. Bí wọ́n bá ń wẹ̀, wọn kì í ti ilẹ̀kùn bálùwẹ̀. Bàtà wọn ni wọ́n máa ń gbé síta kí a lè mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Gbogbo wa nínú ilé la mọ nǹkan wọ̀nyí. A ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ni. Ìwà ni a pè é. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó pè é ní ẹ̀rù ibi híhá, kò sì wá sí wa lọ́kàn láti sọ ọ́ fún dókítà.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá arúgbó lásán ni, mo ní oníbàárà kan tó jẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì, géńdé ọkùnrin tí mo máa ń fi yáàdì kan kún yáàdì agbádá rẹ̀. Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un, ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun náà sá jáde nínú ẹ̀rọ yẹn ní ọdún tó kọjá, tòun ti aṣọ ilé ìwòsàn lára, dé ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ títí di òní. Ó ní ọkàn òun ń lù kìkìkì, ọwọ́ òun kú, òun mọ̀ dájú pé atẹ́gùn ń fẹ́ nínú ihò náà, ó ń fẹ́ sí òun lójú, àyà òun sì ń sọ fún òun pé kò sí atẹ́gùn. Bí ó ṣe máa ń ṣe àwọn tó ní in nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí a lè fi "ẹ mú ọkàn le" wò sàn. Ara ló ti sáré ṣáájú, ọgbọ́n orí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Iṣẹ́ tépù niṣẹ́ mi, nítorí náà mo wọ̀n ọ́n. Wọ́n sọ fún mi pé ihò ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ MRI fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, àti pé àwọn tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 70. Mo na tépù sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. 60 sẹ̀ǹtímítà fi díẹ̀ lé ní inṣì 23 àti ààbọ̀. Ìyá mi, bí wọ́n bá kó apá méjèèjì mọ́ra, inṣì 20 ni wọ́n fẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún kò tó inṣì méjì, bákan náà ni lápá òsì. Ibùsùn tún wà lábẹ́ wọn tó gbé wọn sókè, tí imú fi sún mọ́ òrùlé. Inṣì mẹ́rin tí ẹ̀rọ oníhò 70 fi ju ti 60 lọ, kò jọ nǹkan kan létí, àmọ́ ẹni tó bá ti rán bùbá rí mọ̀ pé inṣì mẹ́rin ló wà láàárín aṣọ tó ń fún ènìyàn mọ́ra àti èyí tí a fi ń gbafẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ ìtàn yìí jù mí lọ, ẹ jẹ́ kí n kàn fi rán yín létí. Ní ọdún 1977, nígbà tí dókítà ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Raymond Damadian parí ẹ̀rọ tó fẹ́ fi ya inú odidi ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan yà, wọ́n ní ó sanra jù. Larry Minkoff, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ló wá bá a wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Keje, ó sì lo nǹkan bí wákàtí márùn-ún nínú rẹ̀ kí wọ́n tó rí àwòrán kan ṣoṣo ti àyà rẹ̀. Ẹni tó kan ẹ̀rọ gan-an, ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbà á. Ẹ wá ń bá ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wí.

Ibi kejì tí a lọ, mi ò ní dárúkọ ìyẹn náà, kó má baà dà bí ìpolówó ọjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbà wá lálejò, ọmọ Hausa. Ó kí Màmá, "Hajiya, sannu da zuwa," ojú Màmá là, torí Hausa Jos ṣì wà lẹ́nu wọn dáadáa. Ó gba ìwé dókítà, ó béèrè irin, ó béèrè iṣẹ́ abẹ, kò béèrè oyún. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n pé ṣé wọ́n máa ń wọ lífítì.

Ìyá mi ní, "Allah ya kiyaye!"

Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní òun kò ní fún wa ní ọjọ́ báyìí, kí a kọ́kọ́ wá wo ẹ̀rọ. Ó dúró di ìgbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá, ó mú wa wọlé. Kí n tó kọjá ẹnu ọ̀nà, ó dá mi dúró, ó na ọwọ́ sí kọ́là mi, ó yọ abẹ́rẹ́ mẹ́ta àti píìnì kan tí mo ti gbàgbé síbẹ̀ láti àárọ̀. Ó ní òòfà inú ẹ̀rọ yìí kì í sùn, òru àti ọ̀sán, iná wà, iná lọ, ó ń fà. Abẹ́rẹ́ yẹn lè fò kúrò lára mi lọ gún ẹlòmíràn lójú. Mo ti ń fi abẹ́rẹ́ há kọ́là láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ bà mí.

Nígbà tí kò sí irin kankan lára mi mọ́, èmi ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ó tì mí wọlé kí ìyá mi lè máa wò mí. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti inú ihò pé, "Màmá, ẹ wò mí, mo ń rí ògiri lódìkejì." Wọ́n yí gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọjú sí mi láti ibẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé wọn pé ihò náà ṣí lójú méjèèjì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Orí ni wọ́n fi wọlé, wọ́n rò pé ó dí ní iwájú ni, bí ibojì.

Ìyá mi wá béèrè ìbéèrè tó ti wà nínú wọn láti ọjọ́ yìí wá. "Bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́, tí mo wà nínú ẹ̀?"

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ìbéèrè gidi nìyẹn. Àwọn ìwé pélébé tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ń tẹ̀ láti òkè òkun, ìbéèrè yìí kò lè sí nínú wọn, torí àwọn tó kọ wọ́n kò gbé Kubwa rí. Ẹni tó ti há sínú lífítì rí ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà tí iná lọ, tàbí tó gbọ́ ìtàn ẹni tó há, ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe àìsàn ọpọlọ, ìrírí ni. Ọmọkùnrin náà kò sì bínú sí ìbéèrè náà. Ó ní bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á. Bí jẹnẹrétọ̀ bá fà sẹ́yìn, ọwọ́ lòun máa fi fa ibùsùn jáde. Ó fi ọwọ́ fà á lójú wa, ó rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fa dúrọ́ọ̀. Ó ní kò sí ilẹ̀kùn kankan nínú ihò yìí tí ẹnikẹ́ni lè tì. Mo rí ìyá mi tí wọ́n mí kanlẹ̀.

Ó ní kí a máa lọ, kí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí Màmá máa fi ilé dánra wò lójoojúmọ́. Bí a ṣe sọ tábìlì ìgéṣọ mi di ẹ̀rọ MRI nìyẹn. Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, mo fi aṣọ ta á lọ́tùn-ún lósì, Màmá dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ kìíní, wọn kò lò tó ìṣẹ́jú méjì. Àwọn ọmọ mi ni mo ní kí wọ́n máa lu korobá àti ìkòkò fún ariwo, iṣẹ́ tí mi ò bẹ̀ wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Aládùúgbò wá béèrè bóyá a ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá mi sùn lọ lábẹ́ tábìlì, pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn. Ìyàwó mi ló jí wọn pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ṣe àwọn nǹkan kan tó jẹ́ pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ti ìyá mi wọlé, kì í ṣe orí. Ó ní ìbàdí lòun fẹ́ yà, ìbàdí ló gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn, nítorí náà orí wọn lè wà nítòsí ẹnu ihò níbi tí wọ́n ti lè rí òrùlé yàrá bí wọ́n bá gbójú sókè. Mo ronú kan ibi àkọ́kọ́. Ìbàdí kan náà ni wọ́n fẹ́ yà níbẹ̀.

Ó di aṣọ ìnujú kékeré kan bò wọ́n lójú kí ibùsùn tó rìn, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti wọlé. Ó fi fóòmù dí etí wọn, ó sì gbé ohun ìbotí lé e. Ó ki bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ lójú òun, ó dún fíì, ó ní, "Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, mo ti dé." Ó yẹ èmi náà wò fún irin, ó gbé àga rọ́bà fún mi sí ìdí orí wọn, ọwọ́ mi wà lórí irun wọn.

Aṣọ ìbora ńkọ́? Ohun tí mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ nìyí, torí iṣẹ́ mi ni. Mùsùlùmí ni ìyá mi. Ẹ tẹ́ ìyá arúgbó Mùsùlùmí sí ẹ̀yìn gbalaja, ẹ fi aṣọ funfun bò ó dé ọrùn, ẹ wá ń tì í sínú ihò tóóró. Kí lẹ fẹ́ kó máa rò? Ìyá mi ti bá wọn wẹ òkú rí, wọ́n ti rí bí wọ́n ṣe ń ká kafani mọ́ ènìyàn. Ẹni tó fi funfun bò wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn, ìmọ́tótó ló ń rò. Ibi kejì náà, funfun ni tiwọn, àmọ́ nígbà tí Màmá wò ó tí wọ́n fajú ro, ọmọkùnrin náà bi mí bóyá aṣọ òwú kan wà nínú báàgì. Àǹkárá ìyá mi wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé àti ìyeyè. Ó tú u wò fínnífínní bóyá òwú dídán wà nínú rẹ̀, torí irin ló wà nínú òwú dídán mìíràn, ó sì lè gbóná jóni nínú ẹ̀rọ. (Èyí tún jẹ́ ẹ̀kọ́ fún èmi télọ̀: léèsì àti aṣọ òkè tó ń dán yanran, ẹ má wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀.) Àǹkárá náà kò ní nǹkan kan nínú, òun ni wọ́n fi bo Màmá. Wọ́n dùbúlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn lọ́sàn-án.

Ariwo bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti ṣàlàyé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé iná ló ń lọ tó ń bọ̀ ní kíákíá nínú àwọn wáyà tó yí ihò ká, òòfà sì ń bá wọn fà á, ìyẹn ló ń mú wọn gbọ̀n tí wọ́n fi ń dún. Ìyá mi ní ẹ̀rọ ata ọjà Terminus ní Jos ló jọ létí àwọn. Láàárín ariwo kan sí èkejì, ohùn rẹ̀ á wọlé: "Hajiya, ina tare da ke." Ó wà pẹ̀lú wọn. Á sọ bí èyí tó ń bọ̀ ṣe máa pẹ́ tó, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò parọ́ iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní àárín ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá mi tẹ bọ́ọ̀lù náà. Ariwo dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, ọmọkùnrin náà ti wọlé kí n tó dìde. Màmá ní kò sí nǹkan kan, àwọn kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kò bínú. Ó mọ̀ pé òun máa tún ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn yà látìbẹ̀rẹ̀, ó ṣì ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, Hajiya." Wọn kò tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọgbọ́n tí ìyá mi dá fúnra wọn ni ọkọ̀ ojú irin. Nígbà èwe wọn, ojú irin ni wọ́n fi ń ti Jos wálé. Nínú ihò yẹn, wọ́n di ojú, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n ń ka ibùdókọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Kafanchan, Kaduna, Minna, Mokwa. Wọ́n ń ra ẹyin, wọ́n ń ra ìrèké lójú fèrèsé. Nígbà tí ọmọkùnrin náà ní ó ti parí, ibùsùn ń jáde bọ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ó ti tán? Jẹ́bbà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìdádúró yẹn. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi mú wa wo ẹ̀rọ kún un. Ní ibi àkọ́kọ́, ó tó wákàtí kan tí ẹ̀rọ fi wà lásán nítorí tiwa, ìmúra, ìjà, ìtùnú, ẹ̀bẹ̀, ìjà mìíràn lórí owó, kò sì sí àwòrán kankan. Mo mọ èsì tí àwọn kan nínú yín máa fọ̀: ẹ̀rọ kò pọ̀, èrò pọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ń japa lójoojúmọ́, ta ló ráyè pe ènìyàn wá wo ẹ̀rọ? Òtítọ́ ni ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò aṣọ. Ẹni tí kò ráyè wọn èèyàn dáadáa ló máa ń tú aṣọ tún rán.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ fi ìbéèrè lífítì yẹn sí fọ́ọ̀mù yín, ọjọ́ tí a wá gba ọjọ́ ni kí ẹ bi wá, kí ó má jẹ́ orí ibùsùn. Ẹ má bi wá bóyá ẹ̀rù ń bà wá, torí kò sí ọkùnrin Yorùbá tó máa ní bẹ́ẹ̀ ni, sójà tèmi yẹn ò sì ní gbà láé. Lífítì ni kí ẹ béèrè, tàbí ibi tí a máa ń jókòó sí nínú ọkọ̀. Ẹ fi èdè tó yé aláìsàn sọ ohun tó ń bọ̀ fún un. Àbújá ni a wà, kò sí ilé àyẹ̀wò tí ẹnì kan kò ti gbọ́ Hausa tàbí Yorùbá tàbí Ìgbò tàbí Gbàgyí, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹ fún gbogbo ènìyàn ní bọ́ọ̀lù, kí ẹ sì dá a lóhùn bó bá dún. Ẹni tó bá ti sá jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún un ní ọjọ́ mìíràn, ẹ má gba odidi owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ sì sọ òtítọ́ fún wa nípa àwọn ọ̀nà mìíràn. Àwọn ẹ̀rọ MRI kan wà tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òòfà wọn kì í sábà lágbára tó ti oníhò, wọ́n lè pẹ́ jù, àwòrán wọn lè má mọ́ tó, ṣùgbọ́n àwòrán tí kò mọ́ tó sàn ju kí a má rí nǹkan kan lọ, ó sì máa ń tó fún iṣẹ́ kan. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé CT, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya inú ara yípo, ni dókítà kọ fún un, tó ti ń gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀rù, kò mọ̀ pé ihò CT kúrú bí òrùka, pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ sọ fún un.

Abẹ́rẹ́ tàbí oògùn amúnisùn, mi ò bá a jà. Fún ọmọdé, fún ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ti kọjá agbára gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí, òun ló kù. Ṣùgbọ́n ibi àkọ́kọ́, òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn, bí ìgbà tí wọ́n ń ní kí a lọ ra omi. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì máa ń han-an-run tó bẹ́ẹ̀ tí èémí wọn á dá dúró díẹ̀ lóru. Dókítà wa sọ pé dókítà nìkan ló lè pinnu irú oògùn bẹ́ẹ̀, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ èémí ẹni tó gbà á, àti pé kò gbọdọ̀ dá lọ sílé tàbí kó wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò yẹ kó jẹ́ ohun tí a fi ń tètè lé èrò kúrò lórí ìlà.

Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ń bọ̀, ọjọ́ tí ẹ fi ń ṣàjọyọ̀ iṣẹ́ yín ní gbogbo àgbáyé, nítorí ọjọ́ náà ni Röntgen rí X-ray ní Jámánì ní ọdún 1895. Mo ti rán fílà àti aṣọ àjọyọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ bíi mélòó kan, mo mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn ìwọ́de, ẹ yan ilé àyẹ̀wò kan tàbí méjì ní Àbújá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ìyàrá MRI fún wákàtí méjì, kí ará ìlú bọ́ irin sílẹ̀, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n fọwọ́ kan ihò yẹn, kí wọ́n yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá mi ní àwọn á wá, àwọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn á sì máa ṣàlàyé fún àwọn ìyá mìíràn ní Yorùbá àti Hausa.

Tèmi ni ti aṣọ. Mo ti gé ìbora mẹ́fà láti inú àǹkárá tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù, òwú lásán, kò sí òwú dídán, kò sí bọ́tìnì, kò sí síìpù, mo fa etí wọn ní ìlọ́po méjì kí wọ́n lè fara da omi gbígbóná. Mẹ́ta ti wà lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Mẹ́ta tó kù, mo ti ká wọn sínú láílọ́ọ̀nù. Ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ gbé wọn lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, bí wọ́n bá máa gbà á.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan ní Kubwa, Àbújá.